Ihò tí wọ́n sọ, ìlà tí wọn ò sọ: ẹjọ́ bọ́ọ̀lù bowling kan ní Sùúrùlérè

Ẹjọ́ yìí kò dé àgọ́ ọlọ́pàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Owó tó wà ńbẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ohun tó fà á ni bọ́ọ̀lù bowling kan, eré tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí pákó gígùn kó lè wó àwọn pín, ìyẹn igi tó dúró lópin pákó náà. Ó wúwo tó pọ́ùn 15, kílò méje dín díẹ̀ nìyẹn. Yàbá ni ẹni tó tà á ń gbé, Sùúrùlérè ni ẹni tó rà á. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pe ẹni tó tà á, torí òun ló pẹ́ jù nídìí eré náà láàárín wa. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á, Ìyá Ìbejì. Èmi ni wọ́n ní kí n gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí ọjọ́ orí mi, àti nítorí pé mi ò jẹ ẹnì kankan nínú wọn lówó.

Kí ẹni tí kì í ṣe eré yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe rí ní Èkó. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ ṣeré ní Victoria Island tàbí ní Ìkẹjà, bọ́ọ̀lù ilé eré ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ki ìka bọ ihò tó bá ṣáà ti gbà wọ́n, wọ́n á jù ú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa lọ sílé. Àwa tá a ní tiwa ò pọ̀. Bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n fi reactive resin (irú ike kan) ṣe, irú èyí tó ń di ojú pákó mú tó sì ń ṣẹ́ kọ́nà kó tó kan àwọn pín, lè tó dọ́là 150 sí 250 ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó lu ihò kankan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń bọ̀ wálé á wá yọ̀ǹda kílò méje nínú ẹrù rẹ̀ fún ohun róbótó kan ṣoṣo, nígbà tí àwọn ará ilé ń retí bàtà àti lọ́fíńdà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti wọ ìlú, ọwọ́ dé ọwọ́ ló ń lọ. Èyí tí à ń sọ yìí, Ẹ̀gbọ́n ló gbé e bọ̀ láti Houston, níbi tó ti ń fi í díje tẹ́lẹ̀.

Ohun tó sọ nígbà tó fẹ́ tà á ṣì wà nínú fóònù Ìyá Ìbejì. Ohùn ló fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí n má baà ṣì í gbọ́. Ó ní: “Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀lù yẹn ṣì wà ńlẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí mi ò fẹ́ ká jọ ní gbólóhùn asọ̀. Wọ́n ti dí ihò kan lára ẹ̀. Ihò ìwọ̀n ni, òfin ló ní ká dí i, kò ṣe bọ́ọ̀lù yẹn ní nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó nínú fọ́tò, ojú ẹ̀ ń dán.”

Kò sí irọ́ kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Ihò ìwọ̀n ni ihò kẹrin tí ẹnikẹ́ni kì í ki ìka bọ̀. Wọ́n máa ń lù ú tẹ́lẹ̀ kí ìwúwo bọ́ọ̀lù lè dọ́gba, tàbí kí wọ́n lè ṣe àtúnṣe sí bó ṣe ń yí lórí pákó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni USBC, àjọ tó ń ṣòfin eré náà ní Amẹ́ríkà, ti fòpin sí i nínú ìdíje tó bá wà lábẹ́ wọn: ihò tí a kò bá fi di bọ́ọ̀lù mú kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ní irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, tó ṣì fẹ́ fi díje, ní láti dí i. Kò sí àbùkù ńbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ ní Houston ni Ẹ̀gbọ́n ti dí tirẹ̀, ojú ibẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló fi í hàn.

Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé ohùn yẹn gan-an ló tan òun. “Bàbá, ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tí mi ò bi léèrè tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó ṣe ọjà ẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ máa wá kiri?” Kò tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kò ní kí wọ́n ya inú ihò ìka ní fọ́tò fún òun. Ó sanwó, ó ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà kan, bọ́ọ̀lù dé Sùúrùlérè nínú àpò rẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti máa lu ihò tuntun ni àṣírí ti tú. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù fún ọwọ́ ẹlòmíì, ó ṣòro kó tó bá ọwọ́ tìrẹ mu. Àlàfo tó wà láàárín ihò àtàǹpàkò àti ihò ìka méjì yòókù, àti bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe dagun sí, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Èyí tí kò bá mu, ọrùn ọwọ́ ló máa ń gbà á sí. Torí náà, ẹni tó ra àlòkù sábà máa ń ní kí wọ́n fi resin olómi dí àwọn ihò àtijọ́, kó gan di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi sáńdípépà ha á títí tí yóò fi bá ara bọ́ọ̀lù dọ́gba, kí wọ́n wá lu tuntun. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nìyí pé kí wọ́n má bẹ̀rù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti dí ihò rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá dí i dáadáa, ó ń yí bó ṣe yẹ kó yí. Owó rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, kò tán níbẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bá wa ṣe irú iṣẹ́ yìí wà lọ́nà Ọ̀jùẹlẹ́gbà. Ìdí ẹ̀rọ irin ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó mọ ti bọ́ọ̀lù. Ó da resin sí ihò àtàǹpàkò lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fa rọ́bà tí wọ́n ń ki bọ inú ihò ìka yọ kó lè dí àwọn ìyẹn náà, ìgbà yẹn ló rí ìlà kan tó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri ihò, tí gọ́ọ̀mù ti gan sí nínú. (Ó yẹ kó ti yọ rọ́bà yẹn wò kó tó da ohunkóhun síbì kankan. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì yọ díẹ̀ kúrò nínú owó iṣẹ́ rẹ̀.) Ó rẹ àkísà sínú sípíríìtì, ó fi nu ojú bọ́ọ̀lù. Sípíríìtì kì í pẹ́ gbẹ. Ojú tó ń dán yẹn gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà tín-ín-rín kan ló kù tó ṣì tutù, láti etí ihò ìka, ó forí lé ọ̀nà ibi àtàǹpàkò, ó gùn tó ìka àárín àgbàlagbà. Bọ́ọ̀lù ti sán rí. Ẹnì kan ti gbẹ́ ojú ìlà náà, ó da gọ́ọ̀mù sí i, ó ha á, ó sì fi ìpara pa á títí tó fi ń kọ mànà.

Ó pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù. “Màdámù, bọ́ọ̀lù yín ti sán, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Mi ò lè lu nǹkan kan sí i. Tí mo bá ki dírìlì bọ̀ ọ́, ó lè pín sí méjì lójú mi.”

Ìyá Ìbejì fẹ́ lọ bá ọlọ́pàá. Àbúrò rẹ̀ kan mọ ẹnì kan ní àgọ́, bá a ṣe ń ṣe é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti àdéhùn ọjà kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹni tó bá sì gbé e débẹ̀ lè ná ìlọ́po meji owó tó ń wá. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ le ju agbára wa lọ, ilé ìpẹ̀tùsááwọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Citizens’ Mediation Centre, wà tí kì í gba owó. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré náà wà láti ọdún 2018, fún gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Mo sọ èyí fún un tààràtà kó lè mọ̀ pé mi ò fẹ́ fi àgbà bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

A jókòó sí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá Bọ̀dé Thomas. Àwa mẹ́rin ni: àwọn méjèèjì, èmi, àti ọ̀kan lára wa tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n ni mo ní kó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ti pọ́n Ìyá Ìbejì láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò jiyàn. Ó ní lóòótọ́ ni bọ́ọ̀lù náà sán. Lẹ́yìn tí òun gbé e délé ni. Inú búùtù mọ́tò ló máa ń wà, torí láti ibi iṣẹ́ lórí Erékùṣù ló ti máa ń lọ ṣeré tààrà, kó tó wá padà gba orí afárá Third Mainland lálẹ́. Mọ́tò á wà nínú oòrùn láti àárọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbé bọ́ọ̀lù tó ti gbóná wọ inú ilé eré tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù rinrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní tiyín, ẹ má ṣe é. Ìpele-ìpele ni bọ́ọ̀lù: èèpo òde wà, ohun tí wọ́n rọ sí abẹ́ rẹ̀ wà, kókó inú tó ń darí bó ṣe ń yí náà wà. Ooru kì í mú gbogbo wọn wú bákan náà, òtútù kì í sì í sún wọn kì bákan náà. Ibi tí wọ́n ti lu ihò ni agbára rẹ̀ ti dín kù jù, pàápàá afárá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ihò ìka méjì, ibẹ̀ ni ìlà sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀lù máa ń kìlọ̀ pé ká má fi í sínú mọ́tò. Ta ló ń ka ìwé inú páálí?

Nígbà tó rí ìlà náà, ó ní bí irun orí ló rí. Ó gbé e lọ bá ẹni tó ń lẹ bọ́ńpà mọ́tò ní Mushin, ìyẹn bá a fi gọ́ọ̀mù olómi méjì lẹ̀ ẹ́. Ó tún fi ṣeré fún oṣù díẹ̀, ìlà ò là. “Bàbá, nǹkan tí wọ́n ti tún ṣe tó sì dúró, ó ti parí nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ti tún bọ́ọ̀lù yẹn ṣe. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, tó bá dénú ẹ̀ a sì di odindi. Inú ihò ìwọ̀n tẹ́ ẹ sọ fún wọn yẹn, ibo ni ìlà sísán ti fẹ́ jáde?”

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wo orí tábìlì.

Ará Ládípọ̀ ló gbèjà rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ló sọ síta. Ó ní ẹni tó bá ra àlòkù mọ̀ pé àlòkù lòún rà. Ó ní táwọn bá fẹ́ ka gbogbo ohun tó ti ṣe ẹ́ńjìnì kan rí sí kọ́sítọ́mà létí, ilẹ̀ á ṣú sọ́jà. Ó wá pa á lówe: òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó tún fi kún un pé Ìyá Ìbejì ní ojú, ó ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹnu tó lè fi béèrè.

Mi ò bá a jiyàn lórí pé ó yẹ kí ẹni tó ń rajà yẹ ọjà wò. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́ yìí wà. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti dákẹ́ pátápátá, tó kàn ní “bọ́ọ̀lù rèé, ẹ wò ó bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́”, Ìyá Ìbejì ì bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ tó sọ ló mú un dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ilé rí ní Èkó mọ irú rẹ̀: lánlọ́ọ̀dù á fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò tì dáadáa, òun máa pe kápẹ́ńtà, ẹ̀yin á máa yìn ín pé olóòótọ́ ni, ẹ ò sì ní bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ògiri yàrá kan ṣoṣo ló kùn lọ́dà tuntun. Ẹni tó bá ti fẹnu ara ẹ̀ ṣí ìwé àtúnṣe ọjà ẹ̀, ó ti gbà láti kà á dópin. Ti Ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbólóhùn rẹ̀ tó kẹ́yìn, “yàtọ̀ sí ìyẹn”, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun yòókù.

Ohun kejì tí mo sọ ni pé àtúnṣe méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́. Wọ́n dí ihò ìwọ̀n nítorí pé òfin yí padà; ara bọ́ọ̀lù le koko. Wọ́n lẹ ìlà nítorí pé ara bọ́ọ̀lù ti fọ́. Gọ́ọ̀mù orí rẹ̀ lè dúró nígbà tí wọ́n bá ń jù ú pẹ́lú ihò tó wà ńlẹ̀, kó sì là lọ́jọ́ tí dírìlì bá kàn án. Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ pé dírìlì máa kàn án, torí ọwọ́ obìnrin náà kéré sí tirẹ̀. Mo bi í pé báwo ni ìlà náà ṣe jìn tó. Ó ní òun ò mọ̀, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ náà ò mọ̀. Mo ní ìyẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú ohùn tó fi ránṣẹ́: ó sán lóṣù báyìí, ẹni báyìí ló lẹ̀ ẹ́, mo fi ṣeré lẹ́yìn náà, mi ò mọ bó ṣe jìn tó. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ará Ládípọ̀ ní, “Ta ló wá fẹ́ rà á?” Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ ò sì fara sin. Bọ́ọ̀lù tó sán náà ní iye tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ihò àtijọ́ mu lè rà á lówó pọ́ọ́kú, kó máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jù ú títí yóò fi là. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ihò lílù náà ń wá èyí tí kò ní dùn ún bó bá bà á jẹ́. Ohun tí òtítọ́ ò lè bá a gbà ni ₦120,000.

Ọ̀rọ̀ òfin wọlé díẹ̀. Ìyá Ìbejì ti kà pé òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, ní kí ẹni tó ń ta àlòkù tàbí ohun tí wọ́n tún ṣe fi í hàn kedere. Òótọ́ ni, oníṣòwò ni òfin yẹn sì dojú kọ jù, irú ará Ládípọ̀ tó jókòó tì wá, tí ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣòwò bọ́ọ̀lù. Ohun tirẹ̀ ló tà. Mo ní a ò nílò òfin yẹn láti parí èyí. Ẹni tó bá sọ ohun tó mú kí ẹlòmíì gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, tó sì gbowó lórí rẹ̀, owó yẹn kò tíì di tirẹ̀.

Ibi tá a ti pẹ́ jù ni owó resin tí ọ̀gá Ọ̀jùẹlẹ́gbà ti dà sí ihò àtàǹpàkò. ₦20,000 ló pè é tẹ́lẹ̀, ó ti sọ ọ́ di ₦14,000. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò lè san owó iṣẹ́ tí òun ò bẹ̀ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní òun ò bá má dé ṣọ́ọ̀bù yẹn ká ní òun mọ̀. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì gbè sẹ́yìn obìnrin náà lórí ìyẹn. Owó ọlọ́kadà ní àlọ àti àbọ̀ ni mo ní kí Ìyá Ìbejì fi ṣe tirẹ̀, nítorí tọ́ọ̀ṣì tí kò tàn. Ẹ̀gbọ́n kùn, ó ní mo ti le jù. Ó ṣeé ṣe. Ó san ₦80,000 níbẹ̀ láti orí fóònù rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun di ìparí oṣù fún ìyókù pẹ̀lú owó resin, ó sì san án.

Ọ̀gá Ọ̀jùẹlẹ́gbà ló ra bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n ní ₦15,000 fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní tí ọmọ náà ki dírìlì bọ̀ ọ́, ìlà náà là dé etí ihò kejì, kò sì dé kókó inú. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ ká gbádùn látìgbà náà. Ó ní ṣé ẹ rí i, òun sọ pé kò jìn.

Ó ṣì ní bọ́ọ̀lù kan tó fẹ́ tà, èyí tí wọ́n fi urethane, irú ike mìíràn, ṣe. Ó ti fi fọ́tò inú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí wa láìsí rọ́bà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti dí ihò àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan, pé kò wọ búùtù rí, àti pé ojú kan wà tó bó nítorí pé ọmọ òun jù ú sílẹ̀ lórí táìsì. Ìyá Ìbejì ní òun á san ₦70,000. Ẹ̀gbọ́n ní ó kéré. Wọ́n ṣì ń ná an lọ́wọ́.